Ṣé Ẹ̀tàn Ni Oore Tí À Ń Ṣe Fún Ẹbí? Àgbéyẹ̀wò Ìwé The Selfish Gene

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ìwé tí mo fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò kì í ṣe ìwé tuntun. Ọdún 1976 ni ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Oxford kọ́kọ́ gbé e jáde. Ẹni tó kọ ọ́ ni Richard Dawkins, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n bí ní Nairobi ní 1941. The Selfish Gene ni àkọlé rẹ̀. Bí a bá ní kí á sọ ọ́ lédè wa, a ó pè é ní "Jíìnì Onímọtara-ẹni-nìkan." Jíìnì ni ohun tín-tìn-tín inú ara tí òbí ń gbé fún ọmọ, òun ló fà á tí ọmọ fi ń jọ ìyá tàbí bàbá rẹ̀.

Ẹ lè bi mí pé, kí ló kàn wá níbẹ̀? Ó kàn wá gan-an. Àwọn ọmọ wa ń ka ìwé yìí ní yunifásítì, wọ́n sì ń gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ wálé. Àwọn kan nínú wọn ń sọ pé sáyẹ́ǹsì ti túdìí àṣírí: kò sí ẹni tó ń ṣe oore fún ẹlòmíràn, ara ẹni ni oníkálukú ń ṣe é fún, bí o bá ran ọmọ ìyá rẹ lọ́wọ́, jíìnì tìrẹ tó wà lára rẹ̀ lò ń tọ́jú. Àwọn àgbà kan náà sì ti rí ọ̀rọ̀ yìí fi gbèjà ara wọn. Bí wọ́n bá gba ẹbí wọn síṣẹ́ tí wọ́n ti ẹni tó yẹ sẹ́yìn, wọ́n á ní, "Bí wọ́n ṣe dá wa nìyẹn, àbí?" Ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí léwu. Èyí àkọ́kọ́ lè pa ìfẹ́ lọ́kàn ọ̀dọ́, èkejì sì ń pa ẹ̀tọ́ láàárín àgbà. Èrò tèmi ni pé àlàyé inú ìwé náà lágbára, ṣùgbọ́n orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ló ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Ẹ jẹ́ kí á tú u wò.

Ìbéèrè tó wà nídìí ọ̀rọ̀ ti pẹ́. Nígbà tí Charles Darwin gbé ìwé rẹ̀ lórí bí onírúurú ẹ̀dá ṣe pilẹ̀ jáde ní 1859, ó ní àwọn ẹ̀dá tó bá ní àbùdá tó ń jẹ́ kí wọ́n yè, kí wọ́n sì bímọ, ni irú wọn ń pọ̀ sí i. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni ká wí nípa oyin? Oyin tó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé oyin kì í sábà bímọ. Bí ó bá ta ènìyàn, oró rẹ̀ á há sí awọ ara onítọ̀hún, oyin náà á sì kú. Kí ló dé tí irú ìwà bẹ́ẹ̀ kò pa rẹ́ kúrò láyé? Darwin fúnra rẹ̀ gbà pé ọ̀rọ̀ àwọn kòkòrò tí kì í bímọ yìí le fún òun. Ó kàn fi ọwọ́ tọ́ka sí ibi tí ìdáhùn lè wà: inú ẹbí.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló wá ṣe ìṣirò rẹ̀. W. D. Hamilton ni orúkọ rẹ̀, ìlú Cairo ni wọ́n ti bí i ní 1936. Ní 1964 ó gbé àpilẹ̀kọ méjì jáde nínú Journal of Theoretical Biology, èyí àkọ́kọ́ kún fún ìṣirò tó le. Lọ́dún yẹn kan náà ni John Maynard Smith sọ ọ̀rọ̀ náà lórúkọ tí gbogbo ayé ń pè é dòní, kin selection. Ẹ jẹ́ kí àwa pè é ní àṣàyàn nípa ẹbí. Orí kẹfà ìwé Dawkins ló ti ṣàlàyé rẹ̀ fún ará ilé, mo sì gbọ́dọ̀ sọ pé ó mọ̀ ọ́n ṣàlàyé.

Ìṣirò náà kò le bí a bá fi sùúrù wò ó. Ìdajì jíìnì ọmọ wá láti ara ìyá, ìdajì wá láti ara bàbá. Nítorí náà, bí jíìnì kan tó ṣọ̀wọ́n bá wà lára yín, ìdá kan nínú méjì ni ìrètí pé ó wà lára ẹni tí ẹ jọ ní ìyá kan, bàbá kan. Lára ọbàkan yín, tí bàbá nìkan pa yín pọ̀, ìdá kan nínú mẹ́rin ni. Lára ọmọ àbúrò bàbá yín, ìdá kan nínú mẹ́jọ. Hamilton ní kí á wo àǹfààní tí ẹni tí a ràn lọ́wọ́ rí, kí á fi ìdá tí a fi bá a tan ṣe ìsọdipúpọ̀ rẹ̀. Bí ohun tó bá jáde bá ju àdánù ẹni tó ṣe oore lọ, ìwà oore náà lè tàn kálẹ̀ láti ìran dé ìran.

Ẹ jẹ́ kí á fi ẹyẹ ṣe àpẹẹrẹ. Ẹyẹ kan pàdánù ọmọ kan tí ì bá tọ́, torí pé ó ń bá àbúrò rẹ̀ wá oúnjẹ. Ìrànlọ́wọ́ yẹn mú kí ọmọ mẹ́ta yè nínú ìtẹ́ àbúrò náà. Ìdajì mẹ́ta jẹ́ ọ̀kan ààbọ̀, ó ju ọ̀kan lọ. Irú oore yẹn á máa gbilẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ọbàkan ló ràn lọ́wọ́, ìdámẹ́rin mẹ́ta kò tó ọ̀kan, ìwà náà kò ní pẹ́ kú. Ìtàn tiẹ̀ wà pé J. B. S. Haldane, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ti fi ọ̀rọ̀ yìí dá àpárá ṣáájú Hamilton: ó ní òun á fẹ́ kú fún ọmọ ìyá méjì, tàbí fún ọmọ àbúrò bàbá mẹ́jọ.

Ṣé ìṣirò orí tábìlì lásán ni? Rárá o. Ẹ gbọ́ ti ikún. Irú ikún kan wà lórí òkè ní California, ní Amẹ́ríkà, tó ń gbé nínú ihò ilẹ̀. Paul Sherman ṣọ́ wọn fún ọdún díẹ̀, ó sì gbé ohun tó rí jáde nínú Science ní 1977. Bí ẹranko apẹran-jẹ bá ń rìn bọ̀ wá sí ìtòsí, ikún kan á dìde dúró, á figbe ta kí àwọn yòókù lè sá. Ewu wà nínú igbe yẹn, torí ojú apẹran-jẹ á lọ sọ́dọ̀ ẹni tó kígbe. Ta ló wá ń kígbe jù? Àwọn abo ni. Abo ikún kì í jìnnà sí ibi tí wọ́n bí i sí, àwọn ọmọ rẹ̀ àti àwọn arábìnrin rẹ̀ ló yí i ká. Akọ a máa ṣí lọ sí ibòmíràn, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ kígbe. Láàárín àwọn abo pàápàá, èyí tó ní ẹbí nítòsí a máa kígbe ju èyí tí kò lẹ́nì kan lọ. Ohun tí Hamilton wí náà nìyẹn.

Títí dé ibí, mo fara mọ́ ìwé yìí. Ẹni tó bá sì fẹ́ bá a jà kí ó má ṣe gba ọ̀nà tó rọrùn. Marshall Sahlins, onímọ̀ nípa àṣà ẹ̀dá, gba ọ̀nà yẹn lọ́dún 1976 kan náà. Ó ní ọ̀pọ̀ ènìyàn láyé ni kò ní ọ̀rọ̀ fún ìdá kan nínú mẹ́jọ lédè wọn. Báwo ni ẹranko ṣe fẹ́ máa ṣírò rẹ̀? Dawkins dá a lóhùn, ìdáhùn náà sì tẹ́ mi lọ́rùn. Ó ní ẹ wo ìkarahun ìgbín bó ṣe yí po létòlétò. Àwọn onímọ̀ ìṣirò lè kọ òfin yíyí náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbín kò kàwé kankan kí ó tó kọ́ ilé rẹ̀. Ẹ̀dá lè tẹ̀ lé òfin láìmọ òfin.

Àmọ́ ìdáhùn yìí gan-an ló tú àṣìṣe àkọlé ìwé náà fó. Bí ìgbín kò bá mọ ìṣirò, jíìnì náà kò mọ̀ ọ́n. Jíìnì kò ní ọkàn, kò ní ìfẹ́, kò ní ìkórìíra, kò sì lè mọ tara rẹ̀ nìkan. Mary Midgley, ọ̀mọ̀ràn obìnrin ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ yìí kan Dawkins lójú ní 1979. Dawkins ní àfiwé lásán ni òun ṣe, òun sì ti sọ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé. Òótọ́ ni, ó sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi orúkọ olè sọ ọmọ rẹ̀, kí ó má ṣe yà á lẹ́nu bí àwọn aládùúgbò bá ń ti ilẹ̀kùn.

Ìbéèrè méjì ló wà níbẹ̀ tí a kò gbọdọ̀ dà pọ̀. Àkọ́kọ́: kí ló mú kí ìwà kan wà láyé? Èkejì: kí ló wà lọ́kàn ẹni tó ń hu ìwà náà? Ẹ wo ọ̀rọ̀ ebi. Ìdí tí ebi fi wà ni pé ara tí kò jẹun á kú. Ṣùgbọ́n ọmọdé tó ń jẹ àkàrà kò ronú nípa ikú. Àkàrà ló ń dùn mọ́ ọn. Kò sí ẹni tó jẹ́ sọ pé adùn tí ọmọ náà ń jẹ jẹ́ ẹ̀tàn. Bákan náà ni ìyá tó jí mọ́jú nítorí ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná. Àṣàyàn nípa ẹbí lè sọ fún wa ìdí tí irú ọkàn bẹ́ẹ̀ fi wà nínú ìyá. Kò sọ pé kò sí ọkàn náà. Ìyá yẹn kò ṣírò ìdajì kankan. Ọmọ rẹ̀ ló ń wò. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ibi tí ẹ ti ń ṣubú nìyí. Ẹni tó mọ orísun odò kò tíì sọ pé omi inú rẹ̀ kì í ṣe omi.

Kí a ṣe é ní òdodo, Dawkins fúnra rẹ̀ ti fa ọwọ́ sẹ́yìn díẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú tó kọ nígbà tí ìwé náà pé ọgbọ̀n ọdún, ní 2006, ó ní bóyá ì bá dára bí òun bá ti gba ìmọ̀ràn ẹni tó ní kí òun pè é ní The Immortal Gene, jíìnì tí kì í kú. Ó tún ní gbólóhùn kan wà nínú ìwé náà, tó sọ pé wọ́n bí wa ní onímọtara-ẹni-nìkan, tí òun á fẹ́ kí òǹkàwé pa rẹ́ lọ́kàn ara rẹ̀. Mo yìn ín fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n àkọlé ọdún 1976 ló ṣì wà lára ìwé, òun náà ló sì wà lẹ́nu àwọn ọmọ wa.

Àléébù kejì: ìwé náà fi ìtàn kan dùn wá jù. Nínú oyin àti èèrà, ẹyin tí kò gba àtọ̀ ló ń di akọ. Èyí mú kí àwọn arábìnrin tí wọ́n jọ ní bàbá kan náà máa pín ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin jíìnì wọn, tó ju ìdajì tí wọn ì bá pín pẹ̀lú ọmọ tiwọn. Ẹ ò rí i, ìdí rèé tí òṣìṣẹ́ oyin fi ń tọ́ àbúrò rẹ̀ dípò kí ó bí ọmọ! Ó dùn-ún gbọ́. Ṣùgbọ́n ìyá oyin kì í ní ọkọ kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ akọ ló ń gùn ún, nítorí náà ọbàkan... ẹ jẹ́ kí n pè wọ́n ní ìyekan, torí ìyá ló pa wọ́n pọ̀, ló pọ̀ jù nínú ilé oyin. Ẹ tún wo ikán tó ń kọ́ òkìtì ràgàjì sínú oko. Akọ àti abo ikán dà bí tiwa, ìdajì-ìdajì ni wọ́n ń pín. Síbẹ̀, ìfara-ẹni-jìn ikán kò kéré sí ti oyin. Ìwádìí tí William Hughes àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde nínú Science ní 2008 fi hàn pé láàárín èèrà, oyin àti agbọ́n, ìran tí irú ìgbé ayé yìí ti bẹ̀rẹ̀ jẹ́ ìran tí abo ti ń ní akọ kan ṣoṣo. Ìdajì nìkan ti tó, bí gbogbo ilé bá jẹ́ ìyá kan, bàbá kan.

Àwọn onímọ̀ pàápàá ṣì ń bá ara wọn fà á. Ní 2010, Martin Nowak, Corina Tarnita àti Edward O. Wilson kọ ọ́ sínú Nature pé àṣàyàn nípa ẹbí kò tó ohun tí wọ́n ń gbé e gẹ̀gẹ̀ sí. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn onímọ̀ tó ju 130 lọ fọwọ́ sí ìwé láti ta kò wọ́n. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé ẹni tó bá ń sọ fún yín pé sáyẹ́ǹsì ti parí ọ̀rọ̀ lórí ìfẹ́ kò tíì ka sáyẹ́ǹsì náà tán.

Ibi tí ó wá kàn wá jù ni ọ̀rọ̀ ènìyàn. Ẹ jẹ́ kí á fi èdè wa wò ó. Yorùbá ya ọmọ ìyá sọ́tọ̀ kúrò lára ọmọ bàbá. Nígbà tí bàbá olóbìnrin púpọ̀ bá kú, a mọ ìdí igi, tí wọ́n ń pín ogún gẹ́gẹ́ bí iye ìyàwó. A sì mọ orí-ò-jorí, tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ń gba tirẹ̀. Gbogbo wa la mọ irú ìjà tó máa ń wà láàárín àwọn ọbàkan nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọlẹ́yìn Hamilton á ní, "Ẹ ò rí i? Ìdajì ni ọmọ ìyá, ìdámẹ́rin ni ọbàkan." Ẹ dúró ná. Bí obìnrin kan bá bímọ fún ọkọ kan, tó tún lọ bí òmíràn fún ọkọ mìíràn, ìdámẹ́rin náà ni àwọn ọmọ yẹn fi tan, bíi ti ọbàkan gẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wa tó ń pè wọ́n ní ìdámẹ́rin? Ọmọ ìyá ni wọ́n. Ọmú kan náà ni wọ́n mu, ẹ̀yìn kan náà ni wọ́n gbé wọn pọ̀n. Ìdá kò yí padà, ìfẹ́ ló yí padà.

Ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ yìí ni kókó wà. Kò sí ẹ̀dá tó lè fi ojú rí jíìnì. Àmì ni ẹ̀dá ń lò: ẹni tí a jọ wà nínú ihò kan, ẹni tí a rí tí ìyá ń fún lọ́mú, ẹni tí a jọ dàgbà. Debra Lieberman àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde nínú Nature ní 2007, tó fi hàn pé ènìyàn náà ń lo irú àmì wọ̀nyí: rírí ìyá ẹni pẹ̀lú ọmọ tuntun lọ́wọ́, àti iye ọdún tí a fi jọ gbé lábẹ́ òrùlé kan. Bí ó bá jẹ́ àmì ni ọkàn wa ń tẹ̀ lé, ilẹ̀kùn náà kò tì pa. Ọmọ tí a gbà tọ́, tí kò bá wa tan rárá, lè di ọmọ ní tòótọ́. Ẹni tí a jọ jẹun, tí a jọ sin òkú, tí a jọ sọmọ lórúkọ, lè di ará. Ohun tí àṣàyàn nípa ẹbí gbìn sínú ilé kékeré lè so èso jáde lójúde.

Nínú ẹranko pàápàá, oore kì í parí sórí ẹbí. Robert Trivers ṣàlàyé ní 1971 bí ẹ̀dá méjì tí kò tan ṣe lè máa ran ara wọn lọ́wọ́, bí ọwọ́ ọ̀tún ṣe ń wẹ òsì. Ní 1984, Gerald Wilkinson ròyìn irú àdán kan ní Costa Rica tó jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ni oúnjẹ rẹ̀. Bí kò bá rí mu fún òru méjì tàbí mẹ́ta, ó lè kú. Èyí tó ti yó a máa pọ ẹ̀jẹ̀ sẹ́nu èyí tí ebi ń pa, nígbà mìíràn tí wọn kò tan rárá, bí wọ́n bá sáà ti jọ ń gbé.

Ènìyàn tún lè kọjá ibẹ̀. George Price, ará Amẹ́ríkà tó kó lọ sí London ní 1967, ló ṣe ìṣirò tó tún gbé iṣẹ́ Hamilton ró, ó gbé e jáde nínú Nature ní 1970. Kò sí ẹni tó mọ ìṣirò yìí jù ú lọ. Lọ́dún yẹn kan náà ló di onígbàgbọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó, aṣọ àti ilé rẹ̀ ran àwọn tí kò rílé gbé lọ́wọ́, àwọn tí kò bá a tan lójú kankan. Ìgbẹ̀yìn rẹ̀ bani nínú jẹ́: ara rẹ̀ kò yá, ọkàn rẹ̀ dàrú, ó sì gba ẹ̀mí ara rẹ̀ ní oṣù kìíní 1975. N kò fi ikú rẹ̀ kọ́ni. Ẹni tó ń fúnni náà nílò ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí ni pé ẹni tó lóye ìṣirò náà délẹ̀ kò gbà pé ìṣirò ló gbọ́dọ̀ pàṣẹ fún ọwọ́ òun. Dawkins náà sọ ọ́ ní ìparí ìwé rẹ̀: ó ní àwa ènìyàn lágbára láti ṣọ̀tẹ̀ sí ohun tí jíìnì wa ń tì wá sí. Ó ṣe mí láàánú pé àwọn tó ń fi ìwé yìí gbèjà ojúsàájú kì í kà á dé ibẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin àgbà, ẹ má ṣe sọ pé bí wọ́n ṣe dá wa nìyẹn. Ìyẹn sọ ibi tí a ti gbéra, kò sọ ibi tó yẹ ká dé. Àwa tí a ń gbé lókè Ọya níhìn-ín yẹ kí ó mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Nígbà tí àìsàn bá kọlu ẹnì kan lára wa lóru, ẹbí rẹ̀ wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ìlá. Ẹni tí yóò gbé e dé ọsibítù kò pín ìdámẹ́jọ kankan pẹ̀lú rẹ̀. Gbogbo wa ló mọ ìtàn ará Samáríà náà. Kò béèrè ìdílé ẹni tó rí lójú ọ̀nà.

Ẹ ka ìwé náà o, n kò ní kí ẹ má kà á. Ẹ kà á tán, kí ẹ wá mú bírò àti tákàdá. Ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tí ẹ fi owó, àkókò tàbí agbára yín ràn lọ́wọ́ láti ọdún tó kọjá. Ẹ fi àmì sí àwọn tó jẹ́ ẹbí. Bí àmì bá wà lára gbogbo wọn, Hamilton ti ṣàlàyé yín tán pátá. Bí ó bá ku orúkọ kan péré tí kò ní àmì, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.